Ará Òkè-Òkun Inú Yàrá

"Ìyàwó ará òkè-òkun, ẹ káàárọ̀ o!"

Orúkọ tuntun tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn láti ìjẹta. Obìnrin alágbàfọ̀ náà kò tíì da èédú sínú áyọ́ọ̀nù tán tí ìkíni fi ń rọ́ lù ú láti ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó ń lọ pọnmi ń kí i. Ẹni tó ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń kí i. Bàbá Onílé pàápàá, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ayálégbé láàárọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń yọ eyín. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó ní ẹ ṣeun, ó ní àmín, ó ní a dúpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó tẹ́ sórí tábìlì. Ó lọ ọrùn rẹ̀, ó lọ èjìká rẹ̀, ó yí i padà, ó lọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé ọkọ wa ti débẹ̀ láyọ̀?"

"Ó ti dé."

"Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ó pọ̀."

Òtútù wo? Káfíńtà, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìn ògiri tí obìnrin náà fẹ̀yìn tì yẹn gan-an. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ń la igi, ó gbé fóònù lé àyà, ó ń wo òrùlé.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Káfíńtà fẹ́ràn àtilọ. Ọkùnrin náà mọ ìlú tí kò dé rí ju àdúgbò tó ń gbé lọ. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọjà, yóò kọ́kọ́ họ orí. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ọkọ̀ ojú irin tí ènìyàn ń wọ̀ láti pápákọ̀ òfúrufú dé àárín ìlú lọ́hùn-ún: kíá ni yóò sọ àwọ̀ ọkọ̀ náà fún yín, yóò sọ ibi tó ti ń wọ abẹ́ ilẹ̀ àti ibi tó ti ń yọrí. Kì í tún ṣe ìlú kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ayé ló fẹ́ rí. Máàpù ayé ló lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá, ó fi pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sára pákó fa ìlà sí i láti etí òkun kan dé èkejì. Ibí ni màá ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni màá yà sí, ibí ni màá ti rí òkè tó ń yọ iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ yìí rí. Ayùn rẹ̀, òòlù rẹ̀, ìfági rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti tà nítorí àtilọ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló sì ti gba ṣọ́ọ̀bù.

Ní ìjẹta, gbogbo àgbàlá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbàdúrà, àwọn kan sunkún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Káfíńtà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n ní físà tí Gbéwọnlọ bá a gbà, ayédèrú ni. Gbéwọnlọ ni àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń bá àwọn ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò. Ìnagijẹ náà dùn mọ́ ọn, ó ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Ìyàwó Káfíńtà kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́n eruku ara báàgì nù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọkọ òun bọ́ kóòtù, kó lè fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìkíni rọlẹ̀ díẹ̀, ó gbé tíì àti búrẹ́dì wọlé lábẹ́ òkìtì aṣọ, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà tó o. Káfíńtà dìde jókòó.

"Búrẹ́dì lásán?" Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà báyìí.

"Tí mo bá dín ẹyin, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé mi ò kì í jẹ ẹyin."

Ó ti búrẹ́dì bọ inú tíì, ó ń jẹ.

"Ẹ rọra. Ẹnu yín ń dún."

Ó rọra. Obìnrin náà dúró tì í, ó ń wo bó ṣe ń jẹun bí ẹni tó ń jí i jẹ.

"Onídìrí ń lọ bá Gbéwọnlọ lónìí," ó ní.

Àgbọ̀n Káfíńtà dúró. Onídìrí ni obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú wọn. Iṣẹ́ irun ló ń ṣe, kò lọ́kọ, kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun ló sunkún jù lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin Káfíńtà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra ẹ̀. Ó ti ta àwọn àga ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ti ta ẹ̀rọ tó fi ń mú irun gbẹ. Ó ní tí Bọ̀dá Káfíńtà bá lè lọ, kí ló dé tóun ò ní lọ."

"Ó dáa."

"Kí ló dáa ńbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́ ni?"

"Lílọ yín ló rán an."

Káfíńtà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Gbọ́. Mo pe Gbéwọnlọ lánàá, ó gbé fóònù mi. Àṣìṣe kékeré ni, ó lóun máa tún un ṣe. Àmọ́ kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní tí mo bá pariwo, ara mi ni mo pariwo mọ́. Màá ṣì lọ. Tí mo bá sì ti lọ tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo tiẹ̀ padà wá rí."

"Ọjọ́ wo lẹ máa lọ?"

Ó tún gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu.

"Wọ́n ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú..."

"Má pa òwe fún mi!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èémí lásán ni. "Ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣé kí n jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi yẹn, kí n ní ẹ kú ilé, mo ti dé? Lójú àwọn tó sunkún sìn mí?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa póò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó da aṣọ ìdọ̀tí bò ó, ó sì gbé e gba àárín àgbàlá kọjá lọ sí ilé ìgbẹ́. Àǹfààní iṣẹ́ alágbàfọ̀ nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àgbà Kékeré nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé, àwọn ọmọ àgbàlá yí i ká.

"Kí ni dádì ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" ọ̀kan bi í.

"Àpù. Àpù ni wọ́n fi ń ṣínu níbẹ̀. Ó tún rí ajá kan tó wọ kóòtù."

"Irọ́!"

"Ẹ lọ bi í, ṣebí ẹ ní fóònù nílé yín."

Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, òun náà sì ń ṣe ohun tí wọ́n rán an, ó tiẹ̀ ń fi iyọ̀ sí i. Obìnrin náà wá ibi tí ìbáwí ti lè bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Ó ní, "Di okùn bàtà ẹ dáadáa," ó kọjá.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Onídìrí dé. Ó ti wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó fi apá gbá báàgì awọ mọ́ ìhà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Kò jókòó. Àárín pálọ̀ ló dúró sí, kọ́tìnì tó dí ẹnu ọ̀nà yàrá kò sì jìnnà sí i ju kó nawọ́ lọ.

"Àǹtí, mo ti ń lọ o. Àmọ́ nǹkan kan ń gbọ̀n nínú mi. Ẹ bá mi pe Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti débẹ̀, kọ́kàn mi lè balẹ̀."

"Ó lè máa sùn."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń sùn níbẹ̀? Ṣebí Bọ̀dá fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé bílẹ̀ bá mọ́ níbí, ó ti mọ́ lọ́hùn-ún tipẹ́."

Alágbàfọ̀ mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó dún nínú yàrá, nítorí Káfíńtà ti pa ohùn fóònù tirẹ̀. Obìnrin náà ń retí pé Káfíńtà kò ní gbé e. Ó gbé e. Alágbàfọ̀ na fóònù sí Onídìrí.

"Hàlóò! Bọ̀dá! Èmi Onídìrí ni o!" Ó ń pariwo bó ṣe yẹ kí ènìyàn pariwo sí ẹni tó wà lódìkejì òkun.

"Rọra," ohùn náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn ará ibí kì í pariwo. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ń sùn."

"Ẹ má bínú, sà!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń mi orí sí Alágbàfọ̀ bí ẹni pé, ṣé ẹ rí i, wọn kì í pariwo. "Bọ̀dá, báwo nibẹ̀ ṣe rí?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ gbòòrò, igi tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ewé wọn ti pọ́n. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ń wọ abẹ́ ilẹ̀ bí òkété, bó bá máa fi yọrí, odò ńlá ló máa bá, àwọn afárá tò lé e lórí. Ó ní òun ti dúró lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ mọ́ débi pé ènìyàn ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì láti òpópónà kejì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kò dà bí ohùn ẹni tó ń purọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ láti inú fóònù, ó sì ń gbọ́ kíkùn rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń rí odò náà.

Onídìrí ti pa ojú dé. Òun náà ti ń rí i.

"Bọ̀dá," ó ní, "ṣé kí n san án?"

Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń pọnmi níta, tí omi ń dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì.

"San án," Káfíńtà ní. "Má jẹ́ kó pẹ́."

Alágbàfọ̀ kò bínú. Bó bá bínú ni, ì bá rọrùn. Ọwọ́ rẹ̀ kàn gbéra lọ gbá kọ́tìnì mú, bó ṣe máa ń lọ gbá aṣọ mú lórí okùn nígbà tí òjò bá ṣú, ó sì fà á sápá kan.

Káfíńtà fi kúbùsù bo orí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Lábẹ́ kúbùsù náà, ó ṣì ń bá a lọ pé, "...yìnyín kì í tiẹ̀ dún tó bá ń bọ́, wàá kàn rí i pé ilẹ̀ ti funfun..."

Onídìrí wo ẹsẹ̀ náà. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún wo ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ kú ilé, Bọ̀dá," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀," Káfíńtà dáhùn lábẹ́ kúbùsù, kí ẹnu rẹ̀ tó mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò lórúkọ. Ọkùnrin náà ṣí orí, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ pérépéré láìgbé ohùn sókè: físà ayédèrú, bí wọ́n ṣe dá a padà, bí Gbéwọnlọ ṣe ní kó panu mọ́. Onídìrí gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró.

"Ó gbé fóònù yín?" ó bi Káfíńtà nígbà tí ọ̀rọ̀ tán.

"Ó gbé e."

"Ó lóun máa tún un ṣe?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀."

Onídìrí mí kanlẹ̀. "Olè kì í gbé fóònù tí ẹni tó jà lólè bá pè é," ó ní. Ó tún àmùrè rẹ̀ dì. "Àṣìṣe ni. Àṣìṣe ń bá èèyàn. Ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lórí wa lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹyẹ ló wà nínú ẹ̀, èèyàn ni."

"Àbúrò mi, jókòó ná. Má lọ."

"Àǹtí, orí kí ni kí n jókòó lé? Mo ti ta àwọn àga mi."

Ó gbá báàgì mọ́ra, ó jáde. Alágbàfọ̀ sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Onídìrí kò wẹ̀yìn. Ó rìn bí ẹni tó gbọ́ pé ọkọ̀ fẹ́ fi òun sílẹ̀.

Alágbàfọ̀ wá yà sọ́dọ̀ Bàbá Onílé. Ìtìjú kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ní nọ́ńbà Gbéwọnlọ. Ẹ pè é, ó máa gbọ́ tiyín. Ẹ ní kó dá owó náà padà wálé."

Bàbá Onílé ń yọ kòkòrò kúrò lára ewé òdòdó tó gbìn sínú agolo. Ó yọ ọ̀kan, ó yọ èkejì. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbíkẹ́yìn mi ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn," ó ní. "Inú oṣù tó kọjá." Ó wo agolo náà. "Ká ṣì máa wò ó ná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Èédú ti kú. Ó tún un dá, ó fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n, nítorí aláṣọ ń bọ̀ wá gbé aṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú àgbàlá oníyàrá mẹ́wàá. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́. Káfíńtà náà mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́. Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó so tówẹ̀lì mọ́ ìdí, ó jáde sí gbangba bí ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ nà án, nítorí láti ìjẹta ni omi kò ti kan ara rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ omi dákẹ́ lọ́gán. Ìyàwó rẹ̀ dá áyọ́ọ̀nù dúró, ó ń retí ẹ̀rín.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ewu, Bọ̀dá," ẹnì kan ní.

"Ewu ńlá ni," èkejì ní. Lẹ́yìn náà, ó sún mọ́ ọn. "Bọ̀dá, ẹ dákun, ṣé ẹ dé inú pápákọ̀ náà gan-an?"

"Mo débẹ̀."

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń dá ara ẹ̀ ṣí?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹ rí i?"

"Láti inú gíláàsì. Ó wà níbẹ̀. Ó tóbi ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ."

Wọ́n yí i ká. Ẹni tó ń fọ abọ́ gbé abọ́ sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ṣáájú rẹ̀ yàgò fún un, ó ní kó kọ́kọ́ wẹ̀, ó bá a pọnmi kún báàkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa wẹ̀ jáde, wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ dè é lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, àbíkẹ́yìn Bàbá Onílé sì ti jókòó síbẹ̀. Onídìrí dé bá wọn. Báàgì rẹ̀ ti rọ̀ pẹlẹbẹ. Ó ní Gbéwọnlọ gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí òun má fi ọkàn sí nǹkan kan. Ó ní ìlú tí òun ń lọ wà létí òkun.

"Létí òkun?" Káfíńtà sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Ṣé o mọ ìlú yẹn? Ọkọ̀ orí okùn ló wà níbẹ̀, ó ń gbé èèyàn gun orí òkè, kò nítáyà."

"Kò nítáyà?"

"Jókòó ná, màá ṣàlàyé ẹ̀."

Alágbàfọ̀ ká aṣọ tó kù, ó gbé tábìlì wọlé. Ó se ìrẹsì, ó bù ú sínú abọ́ mẹ́ta bó ṣe máa ń ṣe. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè pé òun ń bọ̀, kò wẹ̀yìn; ó ń fi ọwọ́ kejì ya òkè náà sójú òfúrufú fún wọn. Obìnrin náà padà wọlé. Ó da abọ́ ọkọ rẹ̀ sínú ti ọmọ, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Àgbà Kékeré wo abọ́ tó kún, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ohùn ti ń wọlé.

"Màámi, ti dádì ńkọ́?"

"Jẹun," ìyá rẹ̀ ní. "Dádì ẹ ò sí nílé."